Bí mo ṣe tún axle àti bíréèkì Land Rover àtijọ́ ṣe nínú àgbàlá wa

Land Rover Series III ni ọkọ̀ náà, èyí kúkúrú tí wọ́n ń pè ní 88 nítorí pé ínṣì 88 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1971 sí 1985 ni wọ́n fi ṣe Series III ní Solihull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi dé lẹ́yìn ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìyẹn ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí sítíárìn rẹ̀ fi wà lápá òsì. Iṣẹ́ oko ló ń ṣe. Láti Àkúrẹ́ la ti máa ń gbé e lọ sí oko kòkó wa lọ́nà Ìdànrè, níbi tí òkè pọ̀ sí, tí ẹrẹ̀ ìgbà òjò sì máa ń mu táyà dé họ́ọ̀bù.

Ohun tó ń ṣe é kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti ní irú ọkọ̀ yìí rí. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á wọ́ lọ sápá ọ̀tún. Inú táyà ẹ̀yìn lápá òsì kì í gbẹ fún ọ́ìlì, eruku pupa á sì lẹ̀ mọ́ ọn gbágbáágbá. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá já sí kòtò lórí ọ̀dà, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, kò sì ní dáwọ́ dúró títí màá fi dín eré kù. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti bá mi pààrọ̀ láínìn bíréèkì ẹ̀yìn yẹn, ìyẹn ohun tó ń fara ha irin kí ọkọ̀ lè dúró. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, ọ́ìlì á tún ti rin ín gbingbin.

Ọ́ìlì tó ń jò àti bíréèkì tí kò mú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lára Land Rover. Axle ni irin gbọọrọ tó wà láàárín táyà òsì àti ọ̀tún. Ọ́ìlì inú dífù, ìyẹn àpótí gíà àárín axle, máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣáàfùtì, ọ̀pá tó ń yí táyà, rìn nínú axle títí yóò fi dé họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́. Síìlì kan ṣoṣo, òrùka rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì, ló ń dá a dúró níbẹ̀ kó má baà já sínú dírọ́ọ̀mù, ìkòkò irin tí bíréèkì wà nínú rẹ̀. Bí síìlì yẹn bá ti jẹ, tàbí tí irin tí ẹnu rẹ̀ ń fara kàn bá ti jẹ, orí ṣúù bíréèkì, irin tí wọ́n kan láínìn mọ́, ni ọ́ìlì ń bọ́ sí tààrà. Níwájú, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà gùn díẹ̀ sí i, àmọ́ ibì kan náà ló ń já sí. Ẹni tó bá wá pààrọ̀ ṣúù láìwo ibi tí ọ́ìlì ti ń wá, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé mi ò ní ṣe bíréèkì lọ́tọ̀ kí n tún wá ṣe axle lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá tú, màá sì ṣe méjèèjì pọ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn láti ṣe é nílé ni. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ìmọ́tótó, ó sì fẹ́ sùúrù, torí ó ní ibi tí èèyàn á ti wọn àlàfo tó tín-ín-rín gan-an, á tú u, á tún un dì, á tún un wọ̀n. Mẹkáníìkì tí oníbàárà bíi mẹ́ta dúró tì kò lè ráyè ìyẹn, n kò sì dá a lẹ́bi. Àbúrò mi ló ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ti tún Land Rover ìjọba ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sì máa ń yà wá wò tó bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀.

Kí n tó débi súpánà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa háńdì bíréèkì ọkọ̀ yìí, nítorí ó lè gba ẹ̀mí èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ni háńdì bíréèkì ń dì mú. Ti Land Rover Series kò rí bẹ́ẹ̀. Dírọ́ọ̀mù kékeré kan tó wà lẹ́yìn gíà, lórí ọ̀pá tó ń lọ sí axle ẹ̀yìn, ló ń dì mú. Tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá wà nílẹ̀, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi jáàkì gbé ẹyọ kan, dífù á jẹ́ kí èyí tó wà lókè máa yí síbí kí èyí tó wà nílẹ̀ máa yí sọ́hùn-ún, ọkọ̀ á sì rìn kúrò lórí jáàkì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti fa háńdì bíréèkì dé òkè. Nítorí náà, igi ńlá la fi há àwọn táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Mo ní kí jórinjórin bá mi jó ìdúró onírin mẹ́rin, orí wọn la sì gbé axle lé. Mi ò fi búlọ́ọ̀kù ilé sí abẹ́ ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ìkìlọ̀ kó tó fọ́.

Ohun kejì ni eruku inú dírọ́ọ̀mù. Láínìn ayé ìgbà yẹn ní asbestos nínú, ohun tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí kò sì ṣeé bá fọwọ́ sọ̀yà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Omi ọṣẹ la fi rẹ ẹ́, a fi àkísà nù ún, a sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí a tó jù ú nù.

Ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀. Axle ní bóòtì kan tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sínú rẹ̀, ó sì ní òmíràn nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbà dà á nù. Tòkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá ti da ọ́ìlì nù tán, tí tòkè wá dì pa tí kò ṣeé ṣí, ọkọ̀ ti jókòó sí àgbàlá nìyẹn. Ọ́ìlì tiwa dúdú, ó sì nípọn, kò funfun. Ká ní ó funfun bí ọ̀gì ni, á jẹ́ pé omi ti wọ inú axle, bẹ́ríìnì inú dífù náà á sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Láti yọ ṣáàfùtì ẹ̀yìn kò le: ẹ tú àwọn bóòtì tó yí ojú họ́ọ̀bù ká, ẹ sì fà á jáde, ọkọ̀ á ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí họ́ọ̀bù ló ń gbé ẹrù ọkọ̀, iṣẹ́ ṣáàfùtì kò ju kó máa yí táyà lọ. Eyín 10 ló wà ní ìdí ṣáàfùtì yìí, níbi tó ti wọ inú dífù, àgbègbè ibẹ̀ ló sì máa ń dá sí. Mo gbé méjèèjì síta sínú oòrùn, mo wo eyín wọn láti orí dé ìdí. Ti ọ̀tún gún régé. Ti òsì ti lọ́ díẹ̀, ẹni tó bá yára wò ó kò lè rí i, àmọ́ bí mo ti gbé rúlà lé e, ó hàn pé eyín náà ti ń ṣe kọdọrọ. Irú èyí kì í dá nílé. Ìgbà tí ẹrù bá kún ọkọ̀, tí ẹ ń gun òkè nínú ẹrẹ̀, ló máa ń dá. Bí ó bá dá mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ẹ tẹ ọ̀pá kékeré tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, sísàlẹ̀ kí axle iwájú lè máa fa ọkọ̀, á gbé yín dé ilé bí ẹ bá rọra. Tókunbọ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, Ọwọ́dẹ̀-Onírin ní Èkó ni mo ti rí i rà, lẹ́yìn tí mo ti kọ́kọ́ wá a tì ní Araromi, ní Gáàtì, n'Ìbàdàn.

Lẹ́yìn ṣáàfùtì ló kan họ́ọ̀bù. Súpánà onípáìpù 52 mm ni wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní i, ṣísẹ́ẹ̀lì àti hámà ni wọ́n fi ń lù ú yí, etí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ wa sì ti di jákujàku nítorí ìyẹn. Mo ra súpánà náà, mo sì ra nọ́ọ̀tì tuntun àti wáṣà tí wọ́n ń ká létí láti fi tì í pa. Bẹ́ríìnì méjì ló wà nínú họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, tinú àti tìta. A fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi mọ́, mo sì ń fi ìka yí wọn létí mi. Èyí tó bá ń dún gìrìgìrì, tàbí tí ojú irin tó ń yí lé lórí bá ti ní ihò wẹ́wẹ́, kò tún sí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Bẹ́ríìnì tuntun máa ń wá pẹ̀lú agbada irin rẹ̀, ẹ má sì fi bẹ́ríìnì tuntun sínú agbada àtijọ́. A fi agbada tuntun sínú fìríìsà mọ́jú, a sá họ́ọ̀bù sóòrùn, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó wọlé láìsí wàhálà.

Ibi tí mo ti rí òdodo ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lórí irin tó dúró ní ìparí axle, tí bẹ́ríìnì ń jókòó lé, òrùka irin kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Orí òrùka yìí ni ẹnu síìlì ń fara kàn bí họ́ọ̀bù ti ń yí. Mo nù ún mọ́, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí i. Ipa kan ti yí i ká, níbi tí síìlì ti ń ha á láti ọdún yìí wá, ó ń dán ní ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì mú. Mo fi èékánná wọ́ ọ kọjá, èékánná há sínú rẹ̀. Kò sí síìlì tuntun tó lè dí irú ojú bẹ́ẹ̀. Gbogbo síìlì tí wọ́n ti ń bá mi pààrọ̀ bọ̀, inú ipa yẹn náà ni wọ́n ń gbé ẹnu wọn sí, ọ́ìlì sì ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Òrùka náà kò wọ́n. Láti yọ ọ́ ló ń gba àkókò, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fò ó.

Ṣísẹ́ẹ̀lì tó mú la fi gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kó kan irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gé tán, ó là fúnra rẹ̀, ó sì tú. Mo fi sanpépà dídán nu ojú ibẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù gáásíkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra á. Òrùka tuntun ti wà nínú ọ́ìlì gbígbóná lórí sítóòfù ní gbogbo àkókò yẹn kó lè fẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe gbé hámà báyìí ni ẹ̀gbọ́n dé.

“Má lu etí rẹ̀ o,” ni wọ́n wí. “Páìpù ni kó o fi tì í wọlé, kó lè lọ dọ́gba. Tó bá wọ́, síìlì á tún jẹ.”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ibo ni kí n kọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé létí yìí sí?”

“Inú. Ibẹ̀ ni irin ti tẹ̀ kọ́rọ́, òun ló fi máa jókòó dáadáa.”

Wọ́n tọ́jú páìpù kan sílé tí ẹnu rẹ̀ bá a mu wẹ́kú, wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé e wá. Òrùka náà wọlé jẹ́jẹ́, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Síìlì tuntun ti wọlé tán ni mo gun orí axle lọ wo ihò ìmí rẹ̀. Ohun kékeré tó dúró sókè axle ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì jáde. Bí dífù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú axle á wú. Tí kò bá rí ọ̀nà jáde, síìlì ni yóò tì, á sì ti ọ́ìlì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Tiwa ti dí pátápátá fún ẹrẹ̀ tó ti gbẹ bí amọ̀ ìkòkò. Ó tún ní ewu mìíràn fún àwa tí à ń wọ odò: bí axle gbígbóná bá ri sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ẹnu síìlì wọlé. Mo yọ ọ́, mo fi ẹnu páìpù kékeré rọ́pò rẹ̀, mo sì so họ́ọ̀sì rọ́bà mọ́ ọn lọ sókè dé inú ṣásí, níbi tí ẹrẹ̀ kò lè dé. Bákan náà ni mo ṣe sí ti iwájú. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ó wà lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù.

Bí wọ́n ṣe ń di họ́ọ̀bù padà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi gíríìsì kún bẹ́ríìnì dénú dénú, ẹ di nọ́ọ̀tì tinú títí họ́ọ̀bù á fi le, ẹ máa yí họ́ọ̀bù bí ẹ ti ń dì í kí bẹ́ríìnì lè jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ tú u díẹ̀. Àlàfo tí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ní kó wà kò ju 0.10 sí 0.15 mm lọ, dial gauge, aago tó ń wọn àlàfo tín-ín-rín, ni mo fi wọ̀n ọ́n. Tó bá le jù, bẹ́ríìnì á jóná. Tó bá dẹ̀ jù, họ́ọ̀bù á máa mì, síìlì náà á sì tètè jẹ. Ọ́ìlì gíà EP90 ni mo wá rọ sínú axle, lítà 1.75, títí ó fi kan ẹnu ihò.

Ṣúù ẹ̀yìn lápá òsì ti mu ọ́ìlì yó. Àwọn kan máa ń da bẹntiróòlù lé irú rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á ní ọ́ìlì ti jóná. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọ́ìlì tó ti wọ inú láínìn kì í tán. Bí bíréèkì bá gbóná lórí òkè, á tún yọ síta, níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù lọ gan-an. Gbogbo ṣúù ni mo kó lọ fún àwọn tó ń kan láínìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí agbára bíréèkì lápá òsì àti ọ̀tún lè dọ́gba. Mo wo ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bóyá orí rẹ̀ ti rì sínú láínìn dáadáa, torí ríbẹ́ẹ̀tì tó bá yọrí, dírọ́ọ̀mù ni yóò gé. Dírọ́ọ̀mù ọkọ̀ yìí fẹ̀ tó ínṣì 10. Méjì nínú wọn ti ní etí àti ipa nínú, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ lathe, ó sì fá wọn jọ̀lọ̀, a sì rí i dájú pé wọn kò kọjá ìwọ̀n tí ìwé fàyè gbà. Kí ẹ tó tú sípíríǹgì kankan lára ṣúù, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí òsì dojú kọ ọ̀tún ni, kì í ṣe pé wọ́n rí bákan náà.

Iwájú ló gba ọgbọ́n jù. Ní ìparí axle iwájú, bọ́ọ̀lù irin aláwọ̀ dídán kan wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ ni ilé họ́ọ̀bù ti ń yí bí èèyàn bá ń yí sítíárìn, síìlì ńlá kan sì ń nù ún bó ti ń yí kí ọ́ìlì inú rẹ̀ má baà jáde. Níbi tí dídán náà bá ti bó, tí ìpẹtà ti gbẹ́ ẹ, ojú ibẹ̀ á máa jẹ síìlì lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù òsì wa ti ní ihò kárí. Mo ra òmíràn. Ti ọ̀tún ní ihò díẹ̀ lẹ́bàá kan. Mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo fi gọ́ọ̀mù líle Araldite dí ihò náà, mo sì fi sanpépà olómi ha á títí ọwọ́ kò fi mọ ibi tó wà mọ́. Ó ti dúró dáadáa, àmọ́ bí mo bá rí bọ́ọ̀lù mìíràn tó dára, màá pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí pé inú bọ́ọ̀lù náà ní síìlì tirẹ̀, èyí tó ń ya ọ́ìlì dífù kúrò lára ọ́ìlì bọ́ọ̀lù. Ẹ tún rántí pé síìlì ńlá àti òrùka irin tó ń dì í mú gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kí ẹ tó fi bóòtì kan bọ́ọ̀lù mọ́ axle. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè wọlé lẹ́yìn ìgbà náà.

Sítíárìn tó ń gbọ̀n yẹn, ibí ni àìsàn rẹ̀ wà. Nísàlẹ̀, ilé họ́ọ̀bù ń yí lórí bẹ́ríìnì. Lókè, ó ń yí lórí búṣì kan tí wọ́n ń pè ní Railko, tí píìnì irin wọ inú rẹ̀. Búṣì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí líle rẹ̀ ló ń pa ìgbọ̀n ẹsẹ̀ iwájú. Tiwa ti jẹ débi pé píìnì ń mì nínú rẹ̀. Mo fi tuntun sí i lápá méjèèjì pẹ̀lú píìnì tuntun. Lábẹ́ píìnì náà ni pẹlẹbẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń wà. Bí mo bá yọ ọ̀kan, ó le sí i. Bí mo bá fi ọ̀kan kún un, ó dẹ̀. Òṣùwọ̀n oníkọ́, irú èyí tí àwọn alẹ́ja fi ń wọn ẹja, ni mo fi kọ́ apá sítíárìn, mo ń fà á jẹ́jẹ́, mo sì ń wo iye tó kà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo tú u, mo dì í, mo tún fà á, títí apá méjèèjì fi bá iye tí ìwé sọ mu. Kí ẹ ṣe èyí kí síìlì ńlá àti ṣáàfùtì tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, líle síìlì ni ẹ ó máa wọ̀n. Ìlàjì lítà EP90 ni mo rọ sínú bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Oríkèé tó wà láàárín ṣáàfùtì iwájú lápá òsì ti pẹtà, mo fi fáìsì tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi òmíràn sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ páìpù. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì bíréèkì ń gbà nínú 88 àsìkò yẹn. Bí páìpù kan bá bẹ́ níbikíbi, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yìí fi èyí sọ́kàn. Páìpù irin tiwa ti pẹtà níbi tí ìdè rẹ̀ ti dì í mọ́ ṣásí, lábẹ́ ìdè gan-an, níbi tí ojú kò tó. Gbogbo rẹ̀ ni mo pààrọ̀ sí èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ṣe, tí kì í pẹtà. Họ́ọ̀sì rọ́bà iwájú kan dára lójú, kò sán rárá. Nígbà tí mo tú u tán, tí mo fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kò fẹ́ kọjá. Ó ti wú nínú. Irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní jẹ́ kó padà, bíréèkì á sì máa di táyà mú láìdáwọ́ dúró. Sílíńdà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń ti ṣúù, ti ní ihò ìpẹtà nínú. Mi ò fi rọ́bà tuntun sínú wọn, odidi sílíńdà ni mo rà. Inú másítà sílíńdà, èyí tí pẹ́dà ń tì, mọ́, rọ́bà rẹ̀ nìkan ni mo pààrọ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 ni mo lò. Tó bá jẹ́ tuntun tí kò tíì fa omi, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 230°C ó kéré tán kó tó hó, DOT 3 sì jẹ́ 205°C. Tí omi bá ti wọ DOT 4, ìwọ̀n yẹn lè já wálẹ̀ sí 155°C. Bí ó bá hó nínú páìpù, oru ni pẹ́dà ń tẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lókè Ìdànrè lákòókò náà kò ní bíréèkì. Agolo tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá kò ṣeé lò, torí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì haidirọ́líìkì mìíràn sí i, kó ní ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Rọ́bà inú bíréèkì á wú, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó sì tú padà.

Yíyọ atẹ́gùn inú bíréèkì Land Rover ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́ wa ni pé kí a kọ́kọ́ yí bóòtì tó ń sún ṣúù, èyí tó wà lẹ́yìn dírọ́ọ̀mù, títí ṣúù á fi lẹ̀ mọ́ dírọ́ọ̀mù pinpin. Ìyẹn kò ní jẹ́ kí písítìnì inú sílíńdà rìn jìnnà bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ pẹ́dà. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán inú ìwé wa fi sítíárìn sápá ọ̀tún, nítorí náà ẹ̀yìn òsì ló pè ní àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí sítíárìn ti wà lósì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kí iwájú òsì tó kẹ́yìn. Àbúrò mi wà lórí pẹ́dà, èmi wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì tín-ín-rín tí ẹnu rẹ̀ rì sínú ìgò ọ́ìlì.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, bọ̀dá mi.”

“Má gbẹ́sẹ̀ o.” Màá tú u, ìfófòó á jáde, màá dì í. “Ó yá, gbẹ́sẹ̀.”

Títí tó fi di pé ọ́ìlì nìkan ló ń jáde, pẹ́dà sì le sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo yí bóòtì ṣúù kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀, débi tí táyà ti lè yí láìsí ìdíwọ́.

Nínú àgbàlá la ti kọ́kọ́ dán an wò, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tú u, lórí ìrìn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà la bọ́ sí ọ̀nà títẹ́jú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Ó dúró ṣinṣin lójú kan, kò wọ́ sí òsì, kò wọ́ sí ọ̀tún. Mo gba orí kòtò kan kọjá tí mo mọ̀ dáadáa, sítíárìn kò gbọ̀n. Nígbà tí a padà délé, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ dírọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ṣúù rẹ̀ ló le jù tàbí kí bẹ́ríìnì rẹ̀ le jù. Èyí tó bá tutù, bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Iwájú ọ̀tún gbóná díẹ̀ ju òsì lọ, mo dẹ ṣúù rẹ̀, wọ́n sì dọ́gba.

Láínìn tuntun máa ń jẹ díẹ̀ kó tó bá dírọ́ọ̀mù mu, nítorí náà mo tún sún ṣúù lẹ́yìn tí a ti lọ oko bíi mélòó kan, mo tún wo àlàfo họ́ọ̀bù àti bóòtì ojú ṣáàfùtì. Mo tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́jú. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, a ti gbé àpò kòkó sọ̀ kalẹ̀ lókè yẹn, páálí ẹ̀yìn òsì kò sì ní ẹ̀kán ọ́ìlì kankan lórí. Dífù iwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin níbi tí ọ̀pá gíà ti wọ inú rẹ̀. Síìlì rẹ̀ wà nílé, a ó tú u kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.